Ẹ wo abẹ́ tírélà kí ẹ tó ra irin tí yóò dì í mú

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìkẹ́rùsí kòkó ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sanwó irin ìdímú kankan, ìyẹn irin tó ń di tírélà mú síwájú pèpéle ìkẹ́rù kó má baà kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù, láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìdí àwọn tírélà tó ń wá kẹ́rù lọ́dọ̀ yín. Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ní ìkọ́ tó máa ń gbéra sókè níwájú pèpéle, tí yóò sì há ọ̀pá irin tó wà ní ìdí tírélà, ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí mọ́tò kékeré wọ abẹ́ rẹ̀ bó bá forí sọ ọ́ láti ẹ̀yìn. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ọ̀pá yìí ga ju nǹkan bí 56 sẹ̀ǹtímítà lọ sí ilẹ̀, irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń rọ ìkọ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Tírélà mìíràn kò ní in rárá, ti òmíràn ti wọ́, wẹ́dà sì ti jó ti òmíràn mọ́ ibi tó ga jù. Bí ìkọ́ kò bá rí nǹkan há, asán ni. Bí oríṣiríṣi ọkọ̀ bá ń wá, ẹ ra irú tó ń di táyà mú.

Ẹ má sì sọ pé bíréèkì ọwọ́ ti tó. Gbogbo ìgbà tí fọ́kílíìfù, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù, bá wọlé tó sì jáde, ó ń ti tírélà síwájú díẹ̀díẹ̀, títí àlàfo yóò fi là láàárín pèpéle àti ọkọ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti awakọ̀ tó rò pé wọ́n ti parí, tó ṣíná ọkọ̀, nígbà tí alábàárù tó gbé àpò kòkó tó lé ní 60 kílò ṣì ń tẹsẹ̀ bọ inú ọkọ̀. Nítorí rẹ̀, ẹ má yọ iná àmì kúrò nínú ohun tí ẹ ó rà: pupa fún awakọ̀ níta, àwọ̀ ewé fún àwọn tó wà nínú, nígbà tí irin bá ti di ọkọ̀ mú.

Òkúta àti ìtì igi kì í ṣe wẹ́ẹ̀jì tí a fi ń há táyà. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ pupa yóò yọ̀ wọ́n dànù.

Irin tó ń lo iná nìkan kò bá wa mu. Ẹ bèèrè èyí tí ọwọ́ lè fà nígbà tí kò bá sí iná. Bí wọ́n bá sì já orí ọkọ̀ kúrò lára tírélà, irin ẹ̀yìn kò lè ní kí imú rẹ̀ má dojú bolẹ̀, ẹ gbé jáàkì tó lágbára sábẹ́ iwájú kí fọ́kílíìfù tó wọ inú rẹ̀.