Bí A Ṣe Ń Ṣírò Kábọ́n Bí Owó Àjọ

Àjọ ni mò ń gbà ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí. Ọmọkùnrin kan tó ń ra kòkó létí ìsọ̀ wa tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ níjọ́ kan, mo fi ṣe ẹjọ́, ó ní, "Ìyá Alájọ, ẹ má bá mi wí. Igbó àti òkun ń tú kábọ́n jáde ju gbogbo mọ́tò ayé lọ." Kábọ́n tó ń wí ni kábọ́n dayọ́sáìdì, gáàsì inú afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé móoru. Kò parọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìwé kan ṣoṣo ló kà ni. Bí ẹnìkan bá sọ irú ẹ̀ fún yín, ẹ má jiyàn, ẹ mú bírò.

Ẹ fa ìlà sáàárín ìwé: "ó wọlé" lápá kan, "ó jáde" lápá kejì. Afẹ́fẹ́ ni àpò wa. Lọ́dún kan, igbó, ilẹ̀ àti òkun ń kó kábọ́n dayọ́sáìdì tó lé ní 700 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù wọlé. Epo, èédú, gáàsì, sìmẹ́ǹtì àti igbó tí àwa èèyàn ń run kò ju nǹkan bí 40 bílíọ̀nù lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ yẹn ti pa ìwé dé. Lápá kejì, igbó, ilẹ̀ àti òkun ń gba gbogbo tiwọn padà, wọ́n tún ń gba nǹkan bí 20 bílíọ̀nù lé e.

Ká ní ìyá ẹlẹ́ja kó ₦70,000 sápò àjọ mi, ó sì gba ₦72,000. Aránṣọ kó ₦4,000, kò gba kọ́bọ̀. Àpò fi ₦2,000 wúwo sí i. Owó ta ni? Ti aránṣọ ni. Igbó àti òkun ni ìyá ẹlẹ́ja, àwa èèyàn ni aránṣọ.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í kọ rèé. Igbó tí wọ́n sun lọ́nà Ìdànrè kí wọ́n lè gbin kòkó, ọ̀dọ̀ èèyàn ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Èémí wa ńkọ́? Ọ̀dọ̀ igbó ni: inú afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ẹ̀gẹ́ tí a fi ṣe ẹ̀bà ti fa kábọ́n rẹ̀. Ọ̀dọ̀ igbó náà ni òkè ayọnáyèéfín wà, àmọ́ gbogbo wọn lápapọ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. (Òkè Ìdànrè ò sí nínú ẹjọ́ yìí o, ó jókòó jẹ́ẹ́ ní tiẹ̀.)

Bí ó bá ṣì ń jiyàn, ẹ gbóòórùn owó náà. Mo lè dijú mọ owó ìyá ẹlẹ́ja. Kábọ́n inú igi tútù ní carbon-14 lára, irú kábọ́n kan tó máa ń tán díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ti epo rọ̀bì ti pẹ́ nínú ilẹ̀ débi pé tirẹ̀ ti tán pátá. Lọ́dún 1955, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Hans Suess, rí i lára igi pé kábọ́n àtijọ́ ti ń dà pọ̀ mọ́ ti afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tó wà nínú àpò. Ṣáájú ọdún 1750, nǹkan bí 280 ẹyọ kábọ́n dayọ́sáìdì ló wà nínú mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Charles Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, ó ti tó 315. Ní báyìí, ó ti kọjá 420.

Ọmọ yẹn wo ìwé náà títí. Ó ní, "Ìyá Alájọ, ẹ gba ₦500 tòní." Mo gbà á, mo kọ ọ́ sápá "ó wọlé".