Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Iná Sínú Bátìrì Ínfátà

Ínfátà ti pọ̀ ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákíè títí dé ìtòsí LAUTECH, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bátìrì ni ó ń kú láìtọ́jọ́ nítorí pé àwọn tí ó ni ín kò mọ ohun tí ṣájà ń ṣe.

Ẹ má ṣe gbé fóltì (V, agbára tí ń ti iná wọlé) sókè nítorí pé ẹ fẹ́ kí bátìrì tètè kún. Nígbà tí iná inú bátìrì bá ti lọ sílẹ̀, ṣájà a máa fún un ní gbogbo áḿpù (A, ìwọ̀n iná tí ń ṣàn) tí agbára rẹ̀ ká, fóltì a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé nǹkan bí 14.4V fún bátìrì olómi (bátìrì olójé, tí àwo inú rẹ̀ jẹ́ òjé, tí a ń bu omi sí) ti 12V. Láti ibẹ̀ lọ, ṣájà á di fóltì náà mú, bátìrì fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa dín áḿpù tí ó ń gbà kù. Ẹni tí ó rí i pé 30A ti di 5A, tí ó wá rò pé ṣájà ti bàjẹ́, tí ó sì yí fóltì sókè, omi inú bátìrì ni ó ń fà gbẹ. Bí bátìrì bá kún tán, ṣájà tí ó dára yóò sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 13.5V. 

Ti wáyà tóóró ni ó dùn mí jù, nítorí pé owó díẹ̀ ni ènìyàn fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀. Bí 30A bá ń gba inú wáyà tí ìdènà rẹ̀ (bí ó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó) jẹ́ 0.02 ohm, 0.6V ti ṣòfò lójú ọ̀nà: ṣájà rí 14.4V lẹ́nu ara rẹ̀, 13.8V péré ni ó sì dé orí bátìrì. Ṣájà lè tipa bẹ́ẹ̀ ka iṣẹ́ sí èyí tí ó ti parí nígbà tí bátìrì kò tíì kún, bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì olójé tí kì í kún, ìpẹ́pẹ́ funfun ni yóò bo àwo inú rẹ̀ tí kò fi ní lè gba iná dáadáa mọ́. Ẹ lo wáyà tí ó nípọn tí kò sì gùn, kí ẹ sì de orí rẹ̀ le.

Ẹ má fi ètò ṣájà tí ó wà fún bátìrì olómi ṣáàjì bátìrì lithium, nítorí pé irú bátìrì mìíràn ni, kì í ṣe olójé. Bí ooru ẹ̀ẹ̀rùn bá mú yàrá bátìrì olójé gbóná dé 35°C, ó yẹ kí fóltì tí a fi ń ṣáàjì bátìrì 12V dín ní nǹkan bí 0.24V sí ti 25°C.

Ẹ má sì wọn bátìrì olójé kété tí ẹ bá yọ ṣájà, nítorí pé fóltì yẹn a máa ga ju bí ó ti rí lọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìfi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni 12.7V tó lè jẹ́rìí pé ó kún.