Maki tàbí gimbap? Ìrẹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò

Ìrẹsì tí wọ́n bá ti fi ewé òkun ká, sushi lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ maki ni ti Jàpáánì, gimbap ni ti Kòríà, ojú ló jọra, ẹnu ò ní gbà pé ọ̀kan náà ni. Ewé yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ o, nori nìyẹn lọ́wọ́ àwọn ará Jàpáánì, gim lọ́wọ́ àwọn ará Kòríà, ó parí.

Ìrẹsì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oníhóró kúkurú tó máa ń lẹ̀ mọ́ra ni kí ẹ sè fún méjèèjì. Tó bá jẹ́ maki, ẹ po fínígà ìrẹsì mọ́ ṣúgà àti iyọ̀, bíi ṣíbí ìjẹun 4 fínígà sí káàpù 2 ìrẹsì, ẹ dà á sí i nígbà tó ṣì ń gbóná, kẹ́ ẹ wá máa fi ṣíbí là á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ má rò ó o, tẹ́ ẹ bá rò ó á di lẹ́ẹ̀. Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí á fi lọ́ wọ́rọ́. Gimbap ò gba fínígà rárá, òróró yànmọ̀tí àti iyọ̀ ni tiẹ̀. Èmi da fínígà sí i nígbà àkọ́kọ́, mo tún wá ki danmuji sí i, ìyẹn rádíìṣì yẹ́lò tó ti kan tẹ́lẹ̀, háà, eyín mi kan!

Inú maki tó tín-ín-rín, nǹkan kan péré ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, kùkúńbà tàbí ẹja túnà tí iná ò kàn rárá. Ti gimbap kún dẹ́múdẹ́mú: ẹyin díndín, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́ spinach, ẹran, danmuji, gbogbo ohun tó yẹ ní sísè ni wọ́n á ti sè.

Ojú ewé tó rí ṣákiṣàki ni ìrẹsì ń gbé, ẹ fi etí kan sílẹ̀ láìfi ìrẹsì sí i kó lè lẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ẹní ọparun kékeré yẹn ká a, kó le dáadáa. Ẹ fi òróró yànmọ̀tí pa ẹ̀yìn gimbap, ẹ fi pa ọ̀bẹ náà. Ti maki, omi lẹ máa fi nu ọ̀bẹ.

Sọ́ọ̀sì sóyà àti wasabi, ìyẹn èròjà aláwọ̀ ewé tó máa ń ta lẹ́nu, ni wọ́n fi ń jẹ maki, gimbap ò nílò nǹkan kan. Maki ẹja tútù, ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Gimbap tó bá sùn nínú fíríìjì á le gan, ẹ rì í sínú ẹyin tẹ́ ẹ ti pò, kẹ́ ẹ dín in, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kòríà náà nìyẹn, ó sì máa ń wù mí ju ti àná lọ.