Ó rẹ̀ yín, àmọ́ ṣé ẹ rìn? Bí a ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ ara lójúmọ́ tí a bá fẹ́ fọn

Àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí pé àgbo wo ni mo mu tí mo fi fọn. Mi ò mu àgbo kankan. Mo ṣírò oúnjẹ mi ni, ìbéèrè kan sì wà nínú ìṣirò náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dáhùn bó ṣe wù wọ́n: báwo ni iṣẹ́ tí ara yín ń ṣe lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó? Kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun jókòó. Gbogbo wa là ń ṣe wàhálà látàárọ̀ dalẹ́.

Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ wo iṣẹ́ tiwa yìí. Tí ọdún bá ń bọ̀, tí aṣọ ẹbí kún ilẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a ó ti jókòó, ó di lẹ́yìn ìrun ìṣá kí a tó dìde. Ẹ̀yìn á máa ro wá, ojú á máa ta wá, ọrùn á gan. Ẹni tó bá rí wa lálẹ́ á ní a ti kú tán. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí wa ṣe látàárọ̀? Ó jókòó. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ oníná la fi ń rán an, ẹsẹ̀ kò ṣe ju kó tẹ pẹ́dà lọ. Ọmọ iṣẹ́ tí mo rán lọ ra òwú àti bọ́tìnnì lọ́jà ti ṣiṣẹ́ ara jù mí lọ.

Ẹ má fi àárẹ̀ díwọ̀n. Oòrùn ń rẹ èèyàn, àìsùn ń rẹ èèyàn, gbèsè gan-an ń rẹ èèyàn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 43, tó ga tó sẹ̀ntímítà 162, tó wọ̀n tó kílò 86. Ìṣirò tí àwọn olùṣèwádìí Mifflin àti St Jeor gbé jáde ní 1990 ni ọ̀pọ̀ ń lò: kílò ní ìlọ́po 10, gíga ní ìlọ́po 6.25, ẹ ro méjèèjì pọ̀. Ẹ yọ ọjọ́ orí ní ìlọ́po 5 kúrò, kí ẹ tún yọ 161. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ ò ní yọ 161 yẹn, 5 lẹ ó fi kún un. Tiwa já sí nǹkan bíi 1,500. Iye kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tó wà nínú oúnjẹ, tí ara rẹ̀ máa jó lóòjọ́ nìyẹn tó bá tiẹ̀ dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ kejì.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ la ó wá fi ṣe ìlọ́po rẹ̀. Ẹni tó ń jókòó: 1.2. Ẹni tó ń rìn díẹ̀: 1.375. Ẹni tó ń rìn dáadáa: 1.55. Oníṣẹ́ agbára: 1.725. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, 1.9. Arábìnrin wa yìí, tó bá mú 1.2, á rí 1,800. Tó bá mú 1.55, á rí nǹkan bíi 2,320. Ìyàtọ̀ yẹn lé ní 500. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ dín ìdajì kílò kù lọ́sẹ̀, nǹkan bíi 550 ló máa yọ nínú oúnjẹ ojúmọ́. Tó bá gbé ara rẹ̀ sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, gbogbo ebi tó ń fara dà, òfo ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ipò yín? Ẹ mú ọjọ́ iṣẹ́ kan tí kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ òde, kó má jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí: mo jókòó, mo dúró, mo rìn, mo gbẹ́rù. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni mo kọ tèmi sí.

Mo wo ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Àpótí ló ń jókòó lé. Bí oníbàárà bá dé, á na ọwọ́ sínú àpò, á bu èlùbọ́ kún kóńgò, á fi ọwọ́ kó o jọ lórí kó lè rí ṣóńṣó, á dà á sínú ọ̀rá, á bu èènì sí i. Ìdí ò kúrò lórí àpótí. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò tíì dìde látàárọ̀ o." Ó ní, "Èmi tí mò ń tajà, ìwọ ní mi ò dìde?" Mo ní kí wọ́n má bínú, ọwọ́ wọn ló ń tajà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alábàárù tó gbé àpò èlùbọ́ náà wá láti ìdí mọ́tò, òun ló ni 1.725.

Ọlọ́kadà tó ń ná Tákíè sí Under G, ó jókòó ni. Akọ̀wé ní LAUTECH, ó jókòó ni. Ọmọbìnrin tó ń dúró tajà, ẹ má gbé e jìnnà sí wọn, torí ìdúró kò fi ju bíi kálórì 9 lọ ní wákàtí kan ju ìjókòó lọ. Alámàlà tó ń rokà, tó ń pọnmi, tó ń fọ ìkòkò, á tó 1.55. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè, iṣẹ́ agbára ni, àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń jókòó sábẹ́ máńgòrò ńkọ́? Kó tún un ṣírò. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé nìkan kò sọ ẹni tó jókòó láti Mọ́ńdè di ẹlẹ́sẹ̀ líle.

Fóònù lè bá yín ka ìṣísẹ̀. Tí kò bá tó 5,000 lójúmọ́, ẹni tó ń jókòó ni yín. Láti 5,000 sí 7,499, ìrìn díẹ̀ ni. Láti 7,500, ó ti ń dára. 10,000 lẹ fi lè sọ pé ẹ ń rìn lóòótọ́. Àmọ́ fóònù orí tábìlì kò lè kà, ìró àti bùbá ò sì ní àpò. Àpò kékeré ni mo rán sí inú bùbá mi, lápá ìbàdí, níbi tí kò ti ní hàn síta. Ẹ máa rántí pé ọ̀kadà tó ń fò sí kòtò lè mú kí fóònù ka ìṣísẹ̀ tí ẹ ò gbé. Ní ti kálórì tí aago ọwọ́ ń sọ pé ẹ jó, ẹ má jẹ ẹ́ padà. Ó sábà máa ń ṣì í.

Tí ẹ bá wà láàárín ipò méjì, ẹ mú èyí tó kéré. Aláboyún, ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mú, àti ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ wá jẹun bí ìṣirò ṣe wí fún oṣù kan. Ẹ máa gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ tó jẹun. Kí àwọn obìnrin fi ọ̀sẹ̀ kan wé irú rẹ̀ nínú oṣù tó kọjá, torí nǹkan oṣù máa ń dá omi dúró sára. Ẹ fi téèpù kún un, ní ọ̀gangan ìdodo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ikùn wọlé! Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin náà lẹ óò padà wá bá mi jà pé síìpù ò lọ sókè.

Tí ẹ bá ń fọn ju ìdajì kílò lọ́sẹ̀ lọ, iṣẹ́ ara yín pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ gun ipò kan sókè. Tí nǹkan kan ò bá yí padà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí ẹ wo ẹran tí ẹ ń tọ́ wò lórí iná. Ìlú tí wọ́n ń kì pé a ń jẹ ọkà kí a tó mu ẹ̀kọ yangan nìlú wa, òkèlè àárọ̀ sì rọrùn láti gbàgbé.

Bí ẹ bá ṣe ń fọn, ẹ máa tún un ṣírò. Láti kílò 86 sí 78, 80 kálórì ti kúrò nínú iye tí ara ń jó lórí ìdùbúlẹ̀. Ara tí a dín oúnjẹ rẹ̀ kù tún máa ń ṣọ́ agbára ná láìsọ fún yín: omi tí ẹ máa ń dìde bù tẹ́lẹ̀, ọmọ lẹ ó máa rán. Torí náà, ẹ wo iye ìṣísẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.