Bí A Ṣe Ń Gba Ìgbẹ́ Ẹyẹ Igbó fún Àyẹ̀wò Bakitéríà Inú Ìfun

Kò pọn dandan kí ẹni tó fẹ́ mọ irú bakitéríà tó ń gbé inú ìfun ẹyẹ igbó pa ẹyẹ náà, nítorí ìwọ̀nba ìgbẹ́ rẹ̀ ti tó fún àyẹ̀wò, bí a bá gbà á kó tó kan ohun mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, torí pé erùpẹ̀, ewé àti ọwọ́ ènìyàn ní bakitéríà tiwọn, ẹ̀rọ tó ń ka DNA (èròjà àbùdá inú ohun abẹ̀mí) kò sì lè sọ èyí tó ti inú ẹyẹ wá àti èyí tó lẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ nílẹ̀.

Kí ẹ tó ta àwọ̀n, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹni tó mọ ẹyẹ dì mú sì wà pẹ̀lú yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tuntun fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹyẹ tí ẹ yọ nínú àwọ̀n sínú àpò bébà tí ẹnikẹ́ni kò lò rí, kì í ṣe àpò aṣọ tí ẹyẹ mìíràn ti yàgbẹ́ sí, kí ẹ sì gbé e síbi tí òjìji wà. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké ni yóò yàgbẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí kò bá yà, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ wo ìgbẹ́ náà dáadáa. Apá funfun tó dà bí ẹfun jẹ́ ìtọ̀, nítorí ojú ihò kan náà ni ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ń gbà jáde. Apá dúdú tàbí aláwọ̀ ewé ló ti inú ìfun wá, òun sì ni kí ẹ fi ọ̀pá tín-ín-rín tó mọ́ tónítóní bù sínú ìgò kékeré olómorí. Ásíìdì inú apá funfun lè dí iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ DNA di púpọ̀. Àwọn kan máa ń fi òwú orí ọ̀pá nu inú ihò ìdí ẹyẹ dípò ìgbẹ́. Ọ̀nà yìí yára, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu ihò náà ló sábà máa ń gbé jáde, nítorí náà ẹ má da àbájáde ọ̀nà méjèèjì pọ̀.

Lójú ẹsẹ̀, ẹ da ẹ̀tánọ́ọ̀lù (irú ọtí líle kan) tó lágbára ìdá 95 nínú 100 sí i. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ irú ẹyẹ, ọjọ́ àti ibi sára ìgò, torí ẹ̀tánọ́ọ̀lù máa ń nu yíǹkì nù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àpò kan tí ẹyẹ kò wọ̀, ẹ fi ọ̀pá nu inú rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú u bí àwọn yòókù: bakitéríà tó bá hàn nínú ìgò yẹn kì í ṣe ti ẹyẹ kankan.