Ọkọ̀ ìṣeré oní-bàlúùnù fún àwọn ọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ, ẹ pín wọn ní méjì-méjì. Ọkọ̀ kan gba ìgò ike kékeré 1, ìdérí ìgò 4, igi sùyà 2, sítírọ́ọ̀ 2, bàlúùnù 1 àti sẹ́lótéèpù. Ẹ ra bàlúùnù ní ìlọ́po méjì, torí yóò bẹ́.

Ẹ ti dá ihò sí ìdérí kí àwọn ọmọ tó dé. Ìṣó gbígbóná tí ẹ ó fi dá a kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Àárín gbùngbùn ni kí ihò náà wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdérí náà, tó jẹ́ táyà ọkọ̀, á máa mì sọ́tùn-ún sósì.

Ìdí igi táyà, ìyẹn igi sùyà, ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ẹ gé sítírọ́ọ̀ kan sí méjì, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ ìgò lọ́gbọọgba, kí igi máa yí nínú wọn. Táyà ló yẹ kó há mọ́ igi. Igi kò gbọdọ̀ há sínú sítírọ́ọ̀, sẹ́lótéèpù kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ẹ ti ọkọ̀ náà díẹ̀ kí ẹ tó so bàlúùnù: bí kò bá yí lọ fúnra rẹ̀, bàlúùnù ò lè gbé e.

Ẹ ki sítírọ́ọ̀ kejì bọ ẹnu bàlúùnù, ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má jò, ẹ wá lẹ sítírọ́ọ̀ náà mọ́ orí ìgò, kí ẹnu rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde kọjú sẹ́yìn gan-an. Ọmọ kan ṣoṣo ni kó máa fẹ́ bàlúùnù kan, nítorí itọ́. Ilẹ̀ dídán ni kí ẹ ti dán an wò; kápẹ́ẹ̀tì á dá a dúró. Ẹ sì jẹ́ káwọn ọmọ fẹnu ara wọn sọ ìdí tó fi ń lọ síwájú kí ẹ tó dárúkọ Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbé òfin nípa bí nǹkan ṣe ń rìn kalẹ̀.