Bí A Ṣe Lè Túmọ̀ Vanity Sí Yorùbá Láì Ṣì Í Tú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ "asán" níbikíbi tó bá ti rí vanity, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ju ẹyọ kan lọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Kọ́kọ́ mọ orísun rẹ̀. Vanus ni wọ́n ń pe ohun tó ṣófo ní èdè Látìn. Lára rẹ̀ ni vanitas ti jáde, ó gba inú Faransé kọjá kó tó dé Gẹ̀ẹ́sì. Vanitas yìí ni Jerome, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí Látìn, fi túmọ̀ hevel, ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nínú ìwé Oníwàásù. Èémí ni hevel: fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí dígí, wo bó ṣe ṣú díẹ̀ tó sì pòórá kí o tó nù ún. Òun náà ni orúkọ Ébẹ́lì ní èdè Hébérù, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn.

Nítorí náà, bí gbólóhùn bá ń sọ nípa làálàá, ọrọ̀ tàbí ayé tí kì í tọ́jọ́, "asán" ló yẹ, bó ṣe wà nínú Oníwàásù 1:2: "Asán inú asán." Má fi "òfo" rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó wá nǹkan tí kò rí i ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹni tí Oníwàásù ń sọ rí i, kò kàn dúró ni.

Bó bá jẹ́ ìwà ènìyàn, ọ̀rọ̀ yí padà. "Asán rẹ̀ pọ̀" kò nítumọ̀ létí Yorùbá. Kọ "ṣekárími ni," tàbí "ó fẹ́ kí wọ́n máa yin òun ṣáá." Àwọn kan ń lo "ìgbéraga," èmi kò fara mọ́ ọn: agbéraga lè má bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun, ṣùgbọ́n láìsí ojú tó ń wò ó, ṣekárími kò rí nǹkan ṣe. "Ògo asán" inú Fílípì 2:3 náà dára, pàápàá nínú ìwàásù.

Fún in vain, kọ "lásán." Kíyè sí i pé shav, kì í ṣe hevel, ni Hébérù lò nínú Ẹ́kísódù 20:7, níbi tí a ti ní kí a má pe orúkọ Ọlọ́run lásán, má ṣe so ẹsẹ yẹn mọ́ Oníwàásù.

Tó bá jẹ́ ohun èlò ilé, tábìlì onídígí tí a ti ń múra ni. Ti ilé ìwẹ̀ jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì. Vanity press sì ni ilé ìtẹ̀wé tó ń gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kó tó tẹ ìwé rẹ̀.